Mo Jókòó Sípò Màmá Mi Nínú Ọkọ̀ Fúyẹ́fúyẹ́

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù Kẹfà
Dókítà ní bí a ò bá wá nǹkan tí bàbá mi yóò máa torí rẹ̀ jí láàárọ̀, a ó sin ín kí ọdún yìí tó parí. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀ lọ́la. Láti oṣù Kejì tí Màmá ti kú, kílò mọ́kànlá ti dín lára Bàbá. Gáréèjì ló ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ yẹn, kì í sì í ṣí aṣọ tó bò ó.

Mo bi í pé kí ló fẹ́. Ó ní, "Ọ̀nà márààrùn-ún." Ọ̀nà orí òkè márùn-ún ni, tí òun àti Màmá máa ń wa ọkọ̀ yẹn gbà lọ́dọọdún. Mo ní ta ló máa kàwé ọ̀nà fún yín bíi Màmá? Ó kàn ń wo ẹ̀gbẹ́ etí mi, bó ṣe máa ń ṣe láyé ìsinsìnyí. Ni mo bá gbọ́ tí ẹnu ara mi ń sọ pé, "Èmi náà ni." Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, tí èébì máa ń gbé nínú ọkọ̀!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 oṣù Kẹfà
Bọ̀dá Olivo wá. Òun ni mẹkáníìkì tó bá Bàbá fọwọ́ ara wọn to ọkọ̀ náà ní ọdún 1986, ọ̀rẹ́ ni wọ́n láti kékeré. Ọkọ̀ ìjókòó méjì, kò lórùlé, kò nílẹ̀kùn, kò ní táyà ìpamọ́. Gbogbo nǹkan tó bá ṣáà ti wúwo ni wọ́n ti yọ sọnù. Wọ́n wọ̀n ọ́n lónìí, ó jẹ́ kílò 548, àwọn méjèèjì sì ń fọwọ́ gbá ara wọn léjìká bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n bọ́ bàtà kí n gun ìwọ̀n.

"Kílò mẹ́sàn-án ju Delfina lọ!" ni Bọ̀dá Olivo ké. Màmá mi ni Delfina.

Bàbá sì mi orí bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. "Kò burú. A ó yọ àpò irinṣẹ́ kúrò."

"Ṣé kí n yọ eyín mi náà ni?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. Mo tún un kọ: Bàbá rẹ́rìn-ín. Láti oṣù Kejì, èyí ni àkọ́kọ́.

Ọjọ́rú, 3 oṣù Keje
Ọ̀nà kìíní, Castelmonte. A kọ́kọ́ sọdá ẹnubodè lọ ra epo lọ́dọ̀ àwọn ará Slovenia, torí lítà kan lọ́dọ̀ tiwa ti di yúrò kan àti ọgọ́ta sẹ́ńtì ó lé.

Ìwé Màmá márùn-ún ló wà, ọ̀nà kan ìwé kan, ó fi aṣọ onírọ́bà wé wọn. Gègé dúdú ló fi kọ gbogbo kọ́nà: òsì tàbí ọ̀tún, lẹ́yìn náà nọ́mbà. Ení ni kọ́nà tó le jù, ẹẹ́fà sì ni èyí tó kàn yẹ̀ díẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ó fi bírò pupa kọ àwọn nǹkan mìíràn: ògiri funfun lọ́tùn-ún, afárá, òòrùn máa kọjú sí wa níbí. Ó jọ pé ẹwà ọ̀nà ló ń wú u lórí.

Òfin wọn ò yí padà. Òǹkàwé sọ̀rọ̀, awakọ̀ ṣe é, kò sí àríyànjiyàn. Inú eré ìje ọkọ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti fi ìje sílẹ̀, òfin ò fi wọ́n sílẹ̀. Bàbá tún fẹ́ kí n máa sọ gbogbo ohun tó bá wà lójú ọ̀nà, ajá, ẹlẹ́ṣin, iná ìdádúró.

Mo ní, "Iná yìí ga tó bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ ò rí i ni?"

"Màmá ẹ kì í dákẹ́ nínú ọkọ̀. Bí o bá fẹ́ dákẹ́, lọ wọ bọ́ọ̀sì."

Ọ̀gá ńlá! Ọ̀fun mi gbẹ kí a tó délé. Àmọ́ Bàbá jẹ àwo frico méjì, wàràkàṣì àti ọ̀dùnkún díndín, ó sì fi búrẹ́dì nu àwo.

Ọjọ́rú, 10 oṣù Keje
Ọ̀nà kejì, Sella Nevea. Ìkùukùu láàárọ̀, ó mọ́ kí ó tó di ọ̀sán. Èébì ò gbé mi. Ó wa ọkọ̀ náà lọ bí omi tó ń ṣàn. Mi ò mọ̀ rárá pé bàbá mi lè ní ọwọ́ tó rọ̀ tó báyìí, èmi tí ọwọ́ náà ti gbá létí.

Nígbà tí a dúró mu kọfí, ó sọ̀rọ̀ Màmá fúnra rẹ̀. Ó ní ní oṣù Kẹsàn-án tó kọjá, lórí òkè Vršič, ní ọ̀nà karùn-ún, Màmá bi í pé báwo ni aṣọ òun ṣe rí. "Mo ní aṣọ búlúù yẹn yẹ ẹ́ bí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ẹ. Nives, ó rẹ́rìn-ín! Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú."

Nígbà tí a délé, mo wo fọ́tò ọjọ́ náà, èyí tí Màmá ní kí ẹnì kan yà fún wọn lókè níbẹ̀. Aṣọ pupa ni. Bàbá ti ń dàgbà lóòótọ́, ó ti ń gbàgbé. Mi ò bá a sọ ọ́.

Ọjọ́rú, 17 oṣù Keje
Òjò. A ò jáde. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó ń fi ìka ka kọ́nà. Dókítà ní kílò mẹ́ta ti padà.

Ọjọ́rú, 24 oṣù Keje
Mo ti ilẹ̀kùn yàrá kí n tó kọ èyí.

Ọ̀nà kẹta, Sauris. Ojú ọjọ́ mọ́ kedere, òòrùn ń ràn. A ti kọjá àwọn ihò abẹ́ òkè, a ti kọjá adágún, ọ̀nà náà sì tẹ́, ó lọ gbọọrọ láàárín pápá koríko. Mo ṣí ojú ìwé. Omi èso ṣẹ́rì tí wọ́n dà sí ìwé náà lọ́dún tí Ọlọ́run mọ̀ ti lẹ ojú ìwé méjì pọ̀, mi ò sì mọ̀. Mo kà á sókè pé, "Òsì, méjì."

Bàbá tẹ bíréèkì díẹ̀, ó yí jíà wálẹ̀, ó sì ya sí òsì.

Kò sí kọ́nà níbẹ̀! Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi koríko. A fò kọjá etí ọ̀nà, koríko gbá mi lójú, ọkọ̀ ta pọ́n-ún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dúró sẹ́bàá òkìtì koríko gbígbẹ. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ọkùnrin mẹ́rin tó ń gé koríko níbẹ̀ sáré wá.

"Bàbá, ṣé koríko lẹ fẹ́ rà ni?" ni ọ̀kan bi í.

Bàbá ò tilẹ̀ mira. "Òǹkàwé mi ló ní kí n yà. Mo yà."

"Ẹ pààrọ̀ òǹkàwé!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n di igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ náà mú, wọ́n sì gbé e padà sójú ọ̀nà bí ẹni gbé tábìlì. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo bẹ Bàbá pé kó má bínú, mo ní ojú ìwé méjì ni mo ṣí pọ̀. Ó ní kò sí wàhálà, Màmá náà ṣe é rí ní ọdún 1991.

Ìgbà tí mo fi ń bọ́ bàtà nílé ni mo tó rò ó. Ọ̀nà náà tààrà. Ojúmọ́ kedere ni. Èwo ni kò sí àríyànjiyàn? Èèyàn wo ló máa rí ọ̀nà gbọọrọ níwájú rẹ̀ tí yóò wá ya sínú oko torí pé ẹnì kan ní kó yà?

Ọjọ́bọ̀, 25 oṣù Keje
Láàárọ̀ yìí, níbi tí a ti ń mu kọfí, mo dúró níwájú rẹ̀ gbangba, kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ, mo sì yọ ahọ́n sí i. Gbogbo ahọ́n, títí dé gbòǹgbò. Ẹni tó gbá mi létí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje torí irú ahọ́n yìí kan náà.

Ó wo ẹ̀gbẹ́ etí mi. Ó ní, "Kí lo dákẹ́ fún? Bu súgà sí i fún mi."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná. Ó ń pè mí pé kí ló já bọ́, mo ní ṣíbí ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 oṣù Keje
Láísẹ́ńsì Bàbá máa parí ní 21 oṣù Kẹjọ, ọjọ́ tó pé ọgọ́rin ọdún. Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ojú rẹ̀ wò kí wọ́n tó tún un ṣe. Mo rántí pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó sì yege. Báwo? Mo lọ bá Bọ̀dá Olivo nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mi ò kí i.

"Bọ̀dá Olivo, báwo ni bàbá mi ṣe ka lẹ́tà ara ògiri yẹn?"

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí àkísà, ó tún nù ún, ó tún nù ún.

"Nives, mo bẹ̀ ẹ́."

"Ẹ dá mi lóhùn."

"Èmi náà lọ yẹ ojú mi wò níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Mo há lẹ́tà náà sórí, mo kà á fún un, òun náà há a. Ó ní bàìbàì díẹ̀ ló ń ṣe òun. Díẹ̀, ló wí! Ọ̀rẹ́ mi ni. Kí ni kí n ṣe?"

"Ẹ bá ní kó jókòó sílé!"

"Ìwọ náà ti rí i nílé láti oṣù Kejì," ó ní. "Ìwọ náà ti rí bó ṣe ń rù lọ."

Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gba ọ̀nà ẹ̀yìn odò rìn lọ sílé, mo sì gbàgbé ọkọ̀ tèmi síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 28 oṣù Keje
Mo ní kí n wo gbogbo ìwé Màmá, bóyá ojú ìwé mìíràn ti lẹ̀ pọ̀. Mi ò tíì ṣí ti Vršič rí. Ẹ̀yìn rẹ̀ pátápátá, lójú ìwé tí kò ní kọ́nà kankan, mo rí èyí, bírò pupa, ọwọ́ Màmá:

2014. Kò rí àgbọ̀nrín. Mo pariwo, ó rò pé eré ni mò ń ṣe.
2016. Kò rí nọ́mbà ara pátákó kọ́nà mọ́. Máa kà á bí ẹni ń kà fún ara ẹ.
2018. Kò rí ojú mi mọ́. Má jẹ́ kó mọ̀ pé o mọ̀. Máa sọ̀rọ̀.

Màmá mi! Màmá mi tí kì í jẹ́ kí n gun kẹ̀kẹ́ láìdé akoto! Ó mọ̀. Ọdún márùn-ún ló fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin tí kò ríran, nínú ọkọ̀ tí kò nílẹ̀kùn, létí ọ̀gbun, ó ń ka ògiri funfun àti afárá. Èmi ni mo rò pé ẹwà ọ̀nà ni! Mo sunkún, lẹ́yìn náà mo bínú sí i, ó sì burú láti bínú sí ẹni tó ti kú, torí pé kò ní bá ẹ jà.

Ọjọ́rú, 31 oṣù Keje
Ó yẹ ká lọ sí Pramollo, ọ̀nà kẹrin. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà gáréèjì, mo di kọ́kọ́rọ́ mú.

"A ò lọ, Bàbá."

"Kí ló bàjẹ́?"

"Ojú yín ló bàjẹ́."

Ó fọwọ́ wá ara ọkọ̀, ó fi ara tì í.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Mo yọ ahọ́n sí yín lọ́jọ́bọ̀. Ẹ ní kí n bu súgà sí i."

Mo rò pé ó máa lọgun. Kò lọgun. Ó sọ fún mi bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ó ní àárín ohun tí òun bá ń wò ni kò sí mọ́. Ó rí etí ọ̀nà, ó rí igi, ó rí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Bí mo bá wò ẹ́ tààrà, ọrùn ẹ ni mo rí, mi ò rí orí."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún mẹ́fà."

"Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń gun kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà yẹn! Ọlọ́run ò ní jẹ́, tí ẹ bá pa ọ̀kan ńkọ́?"

"O máa sọ fún mi. O sọ fún mi ní gbogbo ìgbà."

"Èmi tí mo kà yín sínú koríko!"

Lẹ́yìn náà ni mo bi í pé Màmá ńkọ́? Ó nàró. Ojú rẹ̀ tàn, ó ń yangàn, bàbá mi ń yangàn!

"Màmá ẹ ò mọ nǹkan kan. Mo fi í pamọ́ fún un dáadáa. Ì bá ti máa bẹ̀rù. Kò fi ọjọ́ kan bẹ̀rù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Ìwé náà wà nínú àpò ẹ̀wù mi. Mo la ẹnu, mo sì tún pa á dé. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń fi yangàn nìyẹn. Mo mú kọ́kọ́rọ́ lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 oṣù Kẹjọ
Kò jẹun láti ìrọ̀lẹ́ Àìkú. Ó ti da aṣọ bo ọkọ̀ padà. Mo se frico, mo dà á nù. Ṣé èmi ni mo ń pa á báyìí? Bí mo bá fún un ní kọ́kọ́rọ́, yóò pa ẹnì kan. Bí n kò bá fún un, yóò pa ara rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù Kẹjọ
Mo ní kí Bọ̀dá Olivo wá kọ́ mi ní ọkọ̀ náà. Mo mọ ọkọ̀ wà, àmọ́ èyí kì í ṣe ọkọ̀, inú ń bí i. Mo wà á lọ wà á bọ̀ níwájú ilé, Bọ̀dá Olivo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, jíà ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹfà tó ké ni ilẹ̀kùn ṣí, Bàbá sì jáde pẹ̀lú ṣòkòtò àwọ̀sùn.

"Ta ló ń pa ọkọ̀ mi?"

"Ọmọ yín ni," ni Bọ̀dá Olivo wí. "Ó ní òun ló máa wà á lọ sí Vršič."

"Kò ní lè wà á dé ilé búrẹ́dì!" Ó wá ọ̀nà rẹ̀ dé ìjókòó kejì, ó sì jókòó. Láti oṣù Kejì tí Màmá ti kú, kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀ bí kò ṣe èmi. "Gbé ẹsẹ̀ kúrò jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni mo wí! Etí ni kó o fi yí jíà, kì í ṣe ọwọ́. O ò gbọ́ ọ ni?"

Mi ò gbọ́ nǹkan kan, àfi òun. Wákàtí méjì. Ó jẹun alẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 oṣù Kẹjọ
Jíà ò ké lónìí. Ó ní ọwọ́ mi le bí ti alágbẹ̀dẹ. Lẹ́nu rẹ̀, ìyìn nìyẹn.

Ọjọ́rú, 21 oṣù Kẹjọ
Aago mẹ́wàá àárọ̀ yìí ló yẹ kó dúró síwájú lẹ́tà ara ògiri. Aago mẹ́wàá gééré, a ti kọjá Trenta, a wà lórí Vršič, èmi ni mo wà lẹ́yìn sítíárìn, òun sì wà nípò Màmá. Òun fúnra rẹ̀ ló pè wọ́n lánàá pé òun ò wá mọ́. Ó ti sọ fún wọn kí èmi tó mọ̀.

Ìwé náà wà lórí itan rẹ̀, pípadé. Kò ṣí i rárá. Ó gbé ojú sókè, ó ń ka kọ́nà bí ẹni ń gbàdúrà.

"Òsì, ení. Ìkẹrìndínláàádọ́ta. Ògiri funfun lọ́tùn-ún."

Ògiri funfun wà lọ́tùn-ún. Nọ́mbà 46 wà lára pátákó.

"Ọ̀tún, méjì. Afárá. Òòrùn máa kọjú sí wa níbí."

Òòrùn kọjú sí wa. Kì í ṣe ọ̀nà náà ló há sórí, ohùn Màmá ni. Gbogbo ohun tí bírò pupa kọ ló ń sọ, láìfi ọ̀kan sílẹ̀, láìmọ ohun tí wọ́n wà fún. Mo wà á, mo ṣe ohun tó bá ní kí n ṣe, mi ò jiyàn, ojú mi sì ń ṣomi tó bẹ́ẹ̀ tí èmi náà ò fi rí ọ̀nà dáadáa.

Òkè tutù, àgùntàn pọ̀ níbẹ̀. A jókòó sórí ògiri òkúta. Ó ní mo gbìyànjú, àfi ní kọ́nà kẹtàlélọ́gbọ̀n níbi tí mo ti yà bí ẹni ń wa ọkọ̀ òkú. Lẹ́yìn náà ó ní, "Delfina ì bá ti rẹ́rìn-ín."

Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀.

"Bàbá, ohun kan wà níbí tí n kò tíì kà fún yín."

"Kà á."

Mo kà á. Ọdún 2014, àgbọ̀nrín. Ọdún 2016, nọ́mbà. Nígbà tí mo dé 2018, ohùn mi já, mo sì tún un bẹ̀rẹ̀, torí pé Bàbá ní kí n sọ ọ́ sókè. "Kò rí ojú mi mọ́. Má jẹ́ kó mọ̀ pé o mọ̀. Máa sọ̀rọ̀."

Àgùntàn kan wá, ó gbóòórùn bàtà Bàbá, ó lọ. Ẹ̀rù bà mí pé mo ti gba ohun kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ etí mi.

"Aṣọ yẹn," ó ní níkẹyìn. "Tó wọ̀ síbí lọ́dún tó kọjá. Àwọ̀ wo ni?"

Mo lè parọ́ fún un. Gbogbo wa nínú ilé yìí la mọ̀ ọ́n pa.

"Pupa ni, Bàbá. Pupa fòò."

Ó gba ìwé náà padà, ó gbé e lé itan.

"Ìdí nìyẹn tó fi rẹ́rìn-ín," ni bàbá mi wí, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.